Aràn inú ajá: báwo lẹ ṣe ń dá a mọ̀, kí lẹ sì ń lò fún un?

Alájá Apẹtẹ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ajá mi obìnrin, ajá ìbílẹ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ Alsatian díẹ̀ lára, bímọ mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Ikùn wọn yọ gbẹndu, àmọ́ egungun ìhà wọn hàn síta, irun wọn ò sì dán. Láàárọ̀ òní ni ọ̀kan nínú wọn bì, mo rí nǹkan funfun gbọọrọ méjì nínú èébì náà, wọ́n ṣì ń lọ́ra. Aládùúgbò kan ní kí n fún wọn ní áyù tí a gún mọ́ epo pupa. Ẹlòmíì ní mílíìkì àti búrẹ́dì tí mo ń fún ìyá wọn ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ kí ìkankan nínú wọn kú.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀níyà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Aràn ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ajá, kò tíì sí ìgbà kan tí ajá bímọ nílé wa tí aràn ò sí nínú àwọn ọmọ náà.

Kì í ṣe mílíìkì, kì í ṣe búrẹ́dì, kì í sì í ṣe ṣúgà. Oúnjẹ dídùn kì í di aràn nínú ẹnikẹ́ni. Láti ara ìyá wọn ló ti wá. Ọmọ aràn máa ń fara pamọ́ sínú ẹran ara ìyá ajá, oògùn kì í sì í sábà ká a mọ́ ibẹ̀. Tí ìyá bá lóyún, wọn á jí, wọn á gba ibi ọmọ wọ ara àwọn ọmọ inú. Èyí tó kù á bá ọyàn wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi lè sanra, kí ara rẹ̀ dán, kí ikùn àwọn ọmọ rẹ̀ sì kún fún aràn. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní: ẹ ṣí ẹnu ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èrìgì rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì yọ ìka náà kúrò. Ibi tí ẹ tẹ̀ á funfun, ó sì gbọ́dọ̀ tún pọ́n padà kíá. Tí èrìgì náà bá ti funfun látilẹ̀ wá, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni níbí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́la ní kùtùkùtù.

Alájá Apẹtẹ:
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Mo ti wò ó. Èrìgì àwọn márùn-ún pọ́n dáadáa. Ti èyí tó kéré jù lọ ṣì fẹ́ dà bíi pé ó ṣá. Òun náà ni kì í fi bẹ́ẹ̀ jà fún ọyàn.

Dókítà Ẹranko, Sámọ́ńdà:
Ẹ gbé èyí tó kéré yẹn wá lọ́la. Ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Apẹtẹ. Ẹ má fún un ní oògùn kankan kí wọ́n tó wò ó, nítorí èrìgì tó ṣá lọ́mọ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ aràn mìíràn, kì í ṣe ti gbọọrọ tí ẹ rí yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀, torí oògùn tó ń pa ọ̀kan lè má ṣe èkejì ní nǹkan kan.

Èyí tí ẹ rí nínú èébì ni aràn gbọọrọ, tí ìwé ń pè ní *Toxocara canis*. Ó funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀, orí àti ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì lè gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó lé ní 80,000 lójúmọ́. Ọmọ aràn yìí máa ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá kó tó dé ìfun, torí náà bí ọmọ ajá bá ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni aràn tó ń fa ẹ̀jẹ̀, *Ancylostoma caninum*. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, ẹ kì í sábà rí i nínú ìgbẹ́. Ó ní eyín, á gbé e so mọ́ ara ìfun, á mu ẹ̀jẹ̀, á ṣí kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíì, ojú egbò tó fi sílẹ̀ á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ ajá náà á dúdú, á máa fà, á sì máa rùn. Èrìgì á funfun. Inú wàrà ìyá ló ti sábà ń wọ ọmọ ajá, ó sì tún lè gba awọ ẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tútù. Ọmọ ajá lè kú kí ẹyin kankan tó hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni a kì í fi í dúró de àyẹ̀wò kí a tó tọ́jú ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Ó lè nílò ìfàjẹ̀sínilára àti oògùn ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú oògùn aràn.

Ẹ̀kẹta, *Trichuris vulpis*, inú ìfun ńlá ló ń gbé, ajá tó ti dàgbà ló sì máa ń dà láàmú. Ajá á máa ṣu díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, ikun á máa wà lára ìgbẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ pupa tuntun á sì kán sí i níkẹyìn. Ajá náà á máa rù díẹ̀díẹ̀ títí, bẹ́ẹ̀ á sì máa jẹun. Ẹ̀kẹrin ni aràn pẹlẹbẹ, mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè rẹ̀ láìpẹ́.

Fún àwọn márùn-ún tó kù: oògùn tí ń jẹ́ pyrantel. Mílígírámù 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n tí a ń lò. Ẹ wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ má fojú díwọ̀n. Ká ní olómi tí mílílítà kan rẹ̀ ní mílígírámù 50 ni ẹ rà, tí ọmọ ajá sì wọn kílò 2: mílígírámù 10 ló nílò, mílílítà 0.2 péré nìyẹn. Síríńjì kékeré tí a yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, ẹ ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ fún ìyá wọn náà lọ́jọ́ kan náà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún un ṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Aràn tó wà nínú ìfun lọ́jọ́ yẹn nìkan ni oògùn náà ń mú. Àwọn ọmọ aràn tó ṣì ń rìn nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣan tán.

Bàbá Ọdẹ, Akọ̀bọ̀:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ o, dókítà. Àwa ò mọ̀ pyrantel nígbà tí bàbá mi ń fi ajá ṣọdẹ. Ewúro kíkorò ni wọ́n máa ń fọ̀ sí i, tàbí hóró ìbẹ́pẹ tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀. Ajá náà á yàgbẹ́, aràn á sì bá a jáde, ojú mi ni wọ́n ṣe ṣe é. Mi ò sọ pé kí ẹ má lo ti òyìnbó o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ sọ fún mi bóyá nǹkan tí a ń ṣe yẹn kò dára.

Dókítà Ẹranko, Sámọ́ńdà:
Ẹ ṣeun, Bàbá, ìbéèrè yín ṣe pàtàkì. Ẹ ò purọ́: ajá tó bá yàgbẹ́ gbuuru á ṣu aràn mélòó kan jáde, pàápàá bí aràn bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èyí tó kù nínú ṣì pọ̀ ju èyí tó jáde lọ, a ò sì lè mọ ìwọ̀n tó wà nínú ewé tàbí hóró kan sí òmíràn. Ajá ńlá tí ara rẹ̀ le lè fara da ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ kan. Ọmọ ajá kílò kan àbọ̀ kò lè fara dà á, omi ara rẹ̀ á tán.

Áyù ni mo fi gbogbo ẹnu lòdì sí. Áyù àti àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ó ń fọ́ àwọn pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá gbé e fún ọmọ ajá tí aràn ti ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀! Kẹrosíìnì náà ńkọ́? Mo ti rí èyí tí wọ́n fún ní kẹrosíìnì rí, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló bá lọ.

Bàbá Ọdẹ, Akọ̀bọ̀:
Ó yé mi. Mo gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ajá wa ti tó ọdún méjì, ó ń jẹun, ó ń ṣeré, kò rù. Àmọ́ ó máa ń jókòó fa ìdí rẹ̀ nílẹ̀. Mo wá rí nǹkan bíi hóró ìrẹsì lábẹ́ ìrù rẹ̀ àti lórí àpò tó ń sùn lé, àwọn kan ń rìn díẹ̀díẹ̀, àwọn kan ti gbẹ. A ti fún un ní Combantrin àwọn ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣe oògùn ayédèrú ni wọ́n tà fún wa ni?

Alájá Challenge:
Kò jọ oògùn ayédèrú, àbúrò. Oògùn náà kì í pa irú aràn yẹn ni. Pyrantel ló wà nínú Combantrin, ó dára fún gbọọrọ àti fún èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀, àmọ́ aràn pẹlẹbẹ kò kà á sí. Praziquantel ni ẹ nílò. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pa oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, pyrantel, praziquantel àti febantel, ni a ń lò jù nílé wa fún ajá tó ti dàgbà. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹyọ kan ni fún kílò 10, àmọ́ ẹ ka ara páálí tí ẹ bá rà, torí wọn kì í fi gbogbo rẹ̀ ṣe bákan náà.

Ohun tí ẹ rí yẹn kì í ṣe odidi aràn. Ìdí aràn náà ló ń já ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹyin kún inú rẹ̀. Ẹ máa rò pé ó ti tán nítorí pé wọn ò já mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì wà níbi tó gbé so mọ́ ìfun, á tún hù.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù: ìgbẹ́ ajá mìíràn kọ́ ló ti kó o. Iná ara ajá ni, kòkòrò dúdú tíńtín tó máa ń fò, kì í ṣe eégbọn. Ọmọ kòkòrò yẹn ló ń jẹ ẹyin aràn náà, ajá á wá fi eyín họ ara, á gbé kòkòrò náà mì. Tí ẹ bá lo praziquantel lónìí tí iná kò kúrò lára ajá àti nínú ibùsùn rẹ̀, ẹ ó tún rí hóró ìrẹsì yín láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ nítòsí ìrù. Tí ẹ bá rí ìdọ̀tí dúdú wínníwínní, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun tó tutù. Bí ó bá yọ pupa, ìgbẹ́ iná ni, ẹ̀jẹ̀ ajá yín ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná fọ àpò yẹn tàbí kí ẹ sun ún, kí ẹ sì lo oògùn iná fún ajá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n ọ́n sórí tíṣù tí mo rin. Ó yọ pupa lóòótọ́. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀níyà:
Kí n fi kún ti àbúrò yìí: ìfun tútù àti ẹ̀dọ̀ tútù tí àwọn alápatà ń jù sílẹ̀ náà ń kó aràn pẹlẹbẹ oríṣi mìíràn wọ inú ajá. Àwọn kan gbà pé ẹran tútù ló ń mú ajá rorò. Ẹ bọ̀ ọ́ jinná. Rírorò ajá kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù.

Ọ̀gá Olúyọ̀lé:
Èmi kì í fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣòfò àkókò. Ivermectin ni mo máa ń gún wọn, èyí tí wọ́n ń tà níbi oògùn màlúù. Ó ń pa aràn, ó ń pa eégbọn, ó ń pa kòkòrò abẹ́ awọ lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹni tó tà á fún mi ní mílílítà kan fún ajá kan.

Dókítà Ẹranko, Sámọ́ńdà:
Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó sọ mílílítà kan fún ajá kan láìbéèrè ìwọ̀n ajá àti ìran rẹ̀ ti fi ajá yín sínú ewu.

Ti màlúù yẹn ní mílígírámù 10 nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ìwọ̀n ivermectin tí a ń fún ajá lóṣooṣù láti fi dènà aràn ọkàn jẹ́ máíkírógírámù 6 fún kílò kan. Ti màlúù jẹ́ 200 fún kílò. Bí ẹ bá gún ajá kílò 10 ní mílílítà kan, máíkírógírámù 1,000 lẹ fún kílò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ajá kan sì wà tí a bí àbùkù kan mọ́, Collie ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Alsatian kan náà ní in. Oògùn yìí máa ń ráyè wọ ọpọlọ wọn. Ajá náà á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tó mutí, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ lè fọ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì dákú. A ò ní oògùn kan pàtó tó ń já a. Títọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ títí á fi kúrò lára ni.

Alájá Apẹtẹ, torí pé ìyá àwọn ọmọ yín ní ẹ̀jẹ̀ Alsatian ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ èyí. Kí ẹnikẹ́ni má gún wọn. Bí ó bá sì tún jẹ́ levamisole tí a ń fún ewúrẹ́ ni wọ́n gbé wá, ẹ má gbà, ààlà tó wà láàárín èyí tó ń wò àti èyí tó ń pa ajá kéré jù.

Ọ̀gá Olúyọ̀lé:
A! Mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí. Kò tíì ṣe tèmi ní nǹkan kan, Boerboel ni wọ́n, àmọ́ màá jáwọ́. Màá kó wọn wá kí wọ́n wọ̀n wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Ọjọ́ọ̀:
Ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ ká sọ ti àwọn ọmọ wa náà, torí mo rí i pé púpọ̀ nínú yín ní ọmọ kékeré nílé.

Aràn gbọọrọ ti ajá àti èyí tó wọ́pọ̀ nínú ọmọ èèyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tí ọmọ yín bá ṣu aràn gígùn, kì í ṣe ajá ló kó o ràn án. Àmọ́ tí ọmọ bá gbé ẹyin aràn ajá mì láti inú ilẹ̀, aràn náà kì í dàgbà nínú ìfun rẹ̀, kàkà bẹ́ẹ̀ ọmọ aràn á máa rìn káàkiri ara, dé ẹ̀dọ̀, dé ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè dé ojú. Ojú ló burú jù. Ọmọ lè má ríran dáadáa mọ́ ní ojú kan, kí ẹnikẹ́ni má sì tètè mọ̀. Ọmọ tó ń jẹ yẹ̀pẹ̀ ni ó wà nínú ewu jù.

Èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà ní tirẹ̀: ọmọ rẹ̀ máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ abẹ́ awọ èèyàn, ẹ ó rí ilà pupa tó ń yí kọ́lọkọ̀lọ, ó ń yún burúkú, á sì máa sún síwájú lójoojúmọ́. Àwọn kan rò pé àsàsí ni. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà.

Ẹ má tìtorí èyí lé ajá jáde o. Ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè ràn yín, ẹyin aràn gbọọrọ nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ kó tó lágbára. Ẹni tó bá ń kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́ ti gé e kúrò kó tó tó bẹ́ẹ̀. Bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ, ọṣẹ lọ́wọ́ kó tó jẹun.

Alájá Apẹtẹ:
Mo ti gbé èyí tó kéré lọ. Aràn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ni lóòótọ́. Wọ́n ti fún un ní oògùn aràn àti ti ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fa omi sí i lára. Wọ́n ní kí n máa fi wàrà ọmọ ajá kún ọyàn tó ń mu. Àwọn tó kù náà ti lo pyrantel, wọ́n ń ṣu aràn látàárọ̀, ó pọ̀ tó fi bà mí lẹ́rù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí? Báwo ni mo sì ṣe máa tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe? Yẹ̀pẹ̀ ni, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mo ti da Jik sí i.

Alájá Challenge:
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, fún ọjọ́ kan sí méjì. Oògùn náà rọ aràn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ni, wọ́n lè ṣì máa mira nígbà tí wọ́n bá jáde. Ohun tó yẹ kó lé yín jáde nílé ni bí ọmọ kan bá ń bì láìdúró, tí ikùn rẹ̀ le tó sì ń ké tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Aràn lè dí ìfun pa.

Jik kò ràn yín lọ́wọ́ lórí ẹyin gbọọrọ, èèpo rẹ̀ nípọn, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi tó ń hó ló ń pa á, orí sìmẹ́ńtì lèyí sì ti rọrùn. Fún yẹ̀pẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ náà kúrò níbẹ̀ lọ sórí sìmẹ́ńtì tí oòrùn ń kàn, kódà bó jẹ́ kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ilé. Èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ tútù tí ìbòòji bò, òjò Ìbàdàn sì ń bá a ṣe é. Oòrùn àti gbígbẹ ló ń pa á. Ẹ gé koríko náà, ẹ kó ìgbẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ dì í sínú náílọ̀n tàbí kí ẹ dà á sí ṣáláńgá. Ẹ má gbá a sí gọ́tà, ilé ẹlòmíì ni òjò máa gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà, bí a ṣe ń fún ọmọ ajá ní oògùn aràn nílé wa nìyí: ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6, 8, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí dé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ ti pàdánù ti ọ̀sẹ̀ 2, kò burú, ẹ tẹ̀síwájú láti ibi tí ẹ wà. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kí ìyá wọn lóyún, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú, oògùn kan wà tí a lè máa fún un láti nǹkan bí ogójì ọjọ́ oyún láti dín èyí tó ń wọ ara ọmọ kù. Ẹ má dá a lò, kì í ṣe gbogbo oògùn aràn ni aboyún ajá lè lò.

Dókítà Ẹranko, Sámọ́ńdà:
Inú mi dùn sí ti ọmọ kékeré yẹn. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára á bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ọmọ ajá bá dédé kọ oúnjẹ, tó ń bì, tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn gan-an, ẹ má rò pé aràn ni kí ẹ lọ ra oògùn aràn. Parvo, àrùn kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà lára ajá, máa ń rí bẹ́ẹ̀, wákàtí díẹ̀ sì ni ẹ ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá àgbà tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n: ibà eégbọn ni ẹ kọ́kọ́ rò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó:
Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, Sà. Tí a bá fẹ́ gbé ìgbẹ́ wá fún àyẹ̀wò, báwo ló ṣe yẹ kó rí?

Dókítà Ẹranko, Sámọ́ńdà:
Ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni kó jẹ́. Ẹ bu ú láti òkè, kí yẹ̀pẹ̀ má bá a, torí aràn inú ilẹ̀ lásán máa ń dà wá lójú rú. Ìwọ̀n orí àtàǹpàkò tó. Ike kékeré tó mọ́ tó sì ní ìdérí ni kí ẹ fi sí, ẹ kọ orúkọ ajá àti ọjọ́ sí i lára. Ẹ má gbé e sínú oòrùn ọkọ̀. Àwa á pò ó mọ́ omi iyọ̀ tó ki, ẹyin aràn á léfòó sókè, a ó sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi. Ẹyin aràn pẹlẹbẹ kì í sábà léfòó, nítorí náà bí ẹ bá ti rí hóró ìrẹsì yẹn, ẹ mú ọ̀kan dání tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Kí ẹ sì mú ajá náà fúnra rẹ̀ wá, ká lè wọ̀n ọ́n.